Ẹbọ Tí Kò Ná Wa Ní Nǹkan
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ti tú ká nítorí owó tàbí nítorí ipò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí tiwa tú.

Ẹ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ẹbọ nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni àti nínú ìgbé ayé wa ojoojúmọ́. A gbọ́ tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín pé, kí ló kan onígbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹbọ? Ó kàn án púpọ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọn kò wá ọ̀rọ̀ àjèjì. Ẹbọ tí àwọn baba wa ń pè ní ẹbọ náà ni wọ́n kọ sílẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹni tó bá rúbọ, nǹkan ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé onígbàgbọ́ gbà pé Jésù ti rú ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn. A kò ní àgbò tí a ó tún mú wá. Ohun tó kù ni èyí tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù ní orí kejìlá: kí a fi ara wa ṣe ẹbọ ààyè. A kò fi í ra ojú rere Ọlọ́run. Ọpẹ́ la fi ń dá. Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí náà mọ̀ pé ẹran Iléyá kì í ṣe àdájẹ. Aládùúgbò àti aláìní ní ìpín nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí Dáfídì. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀, ó fẹ́ tẹ́ pẹpẹ sí ilẹ̀ ìpakà Aráúnà. Aráúnà ní kí ọba gba ilẹ̀ àti màlúù lọ́fẹ̀ẹ́. Ọba kọ̀. Ó san 50 ṣékélì fàdákà, nítorí kò fẹ́ gbé ohun tí kò ná an ní nǹkan lọ síwájú Ọlọ́run.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí a rí irú rẹ̀ nítòsí wa. Ní oṣù keje 2014, ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà wá gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh fura sí àìsàn náà. Wọ́n fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀. Àrùn náà ran òun fúnra rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn kú pẹ̀lú rẹ̀. Ènìyàn 20 péré ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Ẹ wo bí Èkó ṣe sún mọ́ wa tó, ẹ wo iye ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ìdírókò àti Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kùtọnu lójúmọ́, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ibi tí ìbá dé ká ní ó ti jẹ́ kó lọ. Ọmọ-ọmọ Crowther ni Herbert Macaulay, ìdílé wọn náà sì ni dókítà yìí ti wá.

Nínú ilé wa, ìyá tó ń yan gàrí láti àárọ̀ títí èéfín fi pọ́n ojú rẹ̀, nítorí owó ìdánwò ọmọ, ẹbọ ló ń rú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Bí a bá mú ọmọbìnrin kúrò níléèwé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lè kàwé, tí a wá ń yìn ín pé ó rúbọ, irọ́ ni. Òun kọ́ ló rúbọ, àwa la fi í rúbọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹgbẹ́ wa. Ní oṣù kẹjọ 2019 ni wọ́n ti bọ́dà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n ní kí epo má ṣe wọ ibi tó wà láàárín kìlómítà 20 sí bọ́dà mọ́. Gbogbo wa la mọ bí ọlọ́kadà àti oníṣòwò ṣe rí nígbà náà. Ọ̀kan nínú wa kò wá sípàdé mọ́. A ń kọ owó ìtanràn lé e lórí, bẹ́ẹ̀ la sì ń yan aṣọ ọdún. Nígbà tí a máa dé ilé rẹ̀, gbèsè la lọ gbà. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún wa pé ọmọ wọn ṣe iṣẹ́ abẹ, pé ó ti ta ọ̀kadà rẹ̀, pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sóko. Ojú tì wá.

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, a fagi lé ìtanràn rẹ̀, a sì pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn ná wa? Owó tí a kò tíì rí gbà la fi jì í. Ẹnì kan ló wá dìde pé òun kò ra aṣọ mọ́, kí a gbé owó aṣọ òun fún arákùnrin náà. Ìgbà yẹn ni ẹbọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn díẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ra aṣọ tiwa. Ó ṣì wà nínú àpótí, a kì í sì lè wọ̀ ọ́ kí a má rántí.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ẹgbẹ́ pé, bí a ti ń wọ ọdún kọkànlá, kí a tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé ìtanràn, kí ẹni méjì kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀, kí wọ́n kí i. Kí a sì yọ díẹ̀ nínú owó aṣọ ọdọọdún sọ́tọ̀ fún ẹni tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, ọwọ́ tó bá sì di nǹkan mú kò ṣeé fi sọ̀yà.

Ọlọ́run yóò gba ẹbọ wa. A kò ní fi ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣòfò. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ ọdún láyé. Àmín.