Kí ẹ tó náwó lórí ariwo inú mọ́tò yín, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń wá

 

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìbéèrè kan náà lẹ ń fi ohùn rán sí mi lórí WhatsApp: "Bọ̀dá, mo ra tòkunbọ̀ kan. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dáa, AC ẹ̀ tutù nini, ṣùgbọ́n tí mo bá ti bọ́ sí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn báyìí, èmi àti ẹni tó jókòó tì mí ò ní gbọ́ ara wa mọ́. Èló ni mo máa ná láti fi pa ariwo yẹn?"

Ìdáhùn mi ni pé: ẹ má tíì yọ kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ariwo yẹn ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ra Corolla mi, ariwo kan wà níbẹ̀, hùùùù, tí mo bá ti ń sáré. Mo wo fídíò lórí YouTube, mo rí i pé àwọn kan ń lẹ nǹkan dúdú mọ́ inú ilẹ̀kùn. Ojúlówó ẹ̀ wọ́n. Ni mo bá lọ ra téèpù ọlọ́dà tí àwọn kanlékanlé fi ń dí páànù tó ń jò. Owó pọ́ọ́kú! Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ mọ̀ pé tí mọ́tò bá dúró sínú oòrùn tiwa yìí, ooru inú ẹ̀ lè ju 50 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó ń ṣàn wálẹ̀, ó ń rùn. Ìyá mi wọlé, wọ́n fi ọwọ́ dí imú, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé títì lò ń da ọ̀dà sí nínú mọ́tò ni?" Ariwo hùùùù yẹn sì wà níbẹ̀ digbí.

Ọjọ́ tí mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ náà sókè, tó fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ló tó hàn. Bẹ́árìn ló ti jẹ. Tí bẹ́árìn bá bàjẹ́ tán, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó tiẹ̀ lè yọ lórí eré. Èmi wá ń náwó kí n má baà gbọ́ ohun tó ń kìlọ̀ fún mi. Àwọn àgbà ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa lápálápá. Ìyá mi ló sì máa ń jókòó sẹ́yìn o.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín ariwo inú mọ́tò sí. Bí mo ṣe tò ó yìí náà ni kí ẹ ṣe náwó lé e.

Èkíní ni ariwo tó jẹ́ àìsàn. Tí ọkọ̀ bá ń hu, tí ohùn ẹ̀ ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, tó sì ń yí padà tí ẹ bá yí sítẹ́rìn díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ẹ fura sí bẹ́árìn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà. Tó bá ń ṣe gbágungbàgun, táyà yẹn ni yóò máa pariwo, ẹ ní kí wọ́n yẹ aláímẹ́ǹtì àti ṣọ́kù wò. Tí gbogbo ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ dúró sí tiráfíìkì, tí jíà wà lórí D, ó lè jẹ́ engine seat ló ti gbó. Tó bá sì jẹ́ sàlẹ́ńsà ló lu, ẹ má fi ṣeré rárá. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide nínú. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn. Kò sí ohun tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ mọ́tò tó máa wo èyíkéyìí sàn nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Èkejì ni ariwo tó ń gba ihò wọlé. Ibi tí owó kékeré ti ń ṣiṣẹ́ ńlá rèé. Ẹ gbọ́ nǹkan kan: ká ní ògiri kan nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn kankan ò lè gbà á kọjá, tí ẹ bá fi ihò tí kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ lára ẹ̀, ògiri yẹn ò ní lè dín ariwo kù ju 20 decibel lọ mọ́. Ihò kékeré ló ń ba iṣẹ́ ńlá jẹ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ tì í, kí ẹ wá fà á. Tó bá yọ fàà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, rọ́bà ilẹ̀kùn ti kú níbẹ̀. Lálẹ́, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹnì kejì máa tan iná fóònù yíká etí ilẹ̀kùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọlé, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti ariwo ń gbà. Nígbà míì, ìdọ̀tí lásán ló wà lára rọ́bà, ọṣẹ àti omi ti tó. Tó bá ti gbó, ẹ wá èyí tó bá ọkọ̀ yín mu ní Ládípọ̀, tòkunbọ̀ tó ṣì rọ̀ dáadáa. Kí ẹ tún wo ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí ẹ ń gbé ẹsẹ̀ sí. Àwọn rewire tó fi alarm tàbí tracker sí i lè ti lu ihò síbẹ̀ kí wọ́n má sì dí i. Ẹ wá rọ́bà sí i.

Ẹ̀kẹta ni irin tó ń gbọ̀n. Ẹ fi ìka kan ilẹ̀kùn láti ìta. Tó bá dún gban-gan-gan bí agolo ofìfo, ìlù ni ilẹ̀kùn yẹn jẹ́, ojú títì ló sì ń lù ú. Èyí gan-an ni wọ́n ṣe butyl tó ní fọ́ìlì lójú fún. Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ ni pé kò pọn dandan kí ẹ bo gbogbo irin. Tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín irin náà, tó gba bí ìdá mẹ́rin rẹ̀, púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn ti parí. Páálí tí wọ́n bá ní ẹ fi ṣe ilẹ̀kùn kan lè tó mẹ́rin. Ẹ fi spirit nu ojú irin kó mọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. Ẹ tún kàn án wò: tó bá dún "dù" kẹ́lẹ́, ó ti jẹ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kan abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti inú búùtù, pàápàá ibi tó bo táyà ẹ̀yìn.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta rèé. Ẹ má ṣe dí ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Omi òjò ń gbabẹ̀ jáde, tí ẹ bá dí i, ìpẹtà yóò jẹ ilẹ̀kùn tán. Ẹ má fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì sí i, ó ń fa omi mu. Tó bá máa jẹ́ fóòmù, kó jẹ́ irú èyí tí omi kì í wọ̀. Tí ẹ bá sì rí wáyà tó ní ike yẹ́lò lórí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti airbag ni.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún ṣe é tí ẹ bá parí, ẹ fi app tó ń wọn ariwo sórí fóònù yín. Ojú ọ̀nà kan náà, eré kan náà, wíńdò wà ní títì, rédíò àti AC wà ní pípa. Kí ẹlòmíì di fóònù mú o, kì í ṣe ẹni tó ń wa ọkọ̀. Tó bá fi 3 decibel wálẹ̀, agbára ohùn tó ń wọlé ti dín kù sí ìdajì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni etí máa mọ̀ ọ́n. Tó bá fi 10 wálẹ̀, etí fúnra rẹ̀ máa sọ pé ìdajì ariwo ti lọ.

Kí ló dé tí mo ń yọ ara mi lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ yìí? Etí yín ni. Tí ariwo bá pọ̀ nínú ọkọ̀, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ máa ń yí rédíò sókè kó lè borí ẹ̀ ni. Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà ní kí èèyàn má ṣe ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́ nínú ariwo tó tó 85 decibel. Tó bá fi 3 lé e, ó di wákàtí 4. Tó bá tún fi 3 lé e, ó di 2. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi app gbé èrò láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Etí tó bá ti lọ báyẹn kì í padà, kò sì sí Ládípọ̀ tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ etí.

Ẹ má sì lépa kí mọ́tò dákẹ́ bí itẹ́ òkú o. Ó yẹ kí ẹ ṣì máa gbọ́ họ́ọ̀nù ọlọ́kadà àti sáírínì ambulance.

Torí náà, lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ mú owó bébà kan àti iná fóònù yín, kí ẹ rìn yí mọ́tò yín ká. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ẹ wá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ẹ sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Ọ̀nà á là o.