Eré Tí A Lè Gbé Lọ sí Ìpàgọ́

  

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa eré tí ìdílé lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n lè dì sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì lè ṣe lórí koríko nígbà tí wọ́n bá lọ pàgọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wá gbé ní Amẹ́ríkà níhìn-ín ni kò mọ ìpàgọ́ rí. Ní ilé, ẹni tó bá sùn sínú igbó, ọdẹ ni, tàbí àgbẹ̀ tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lóko. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́, wọn kò sì jẹ́ kí a sinmi. Ó dára, ẹ óò san owó ilẹ̀, ẹ óò ta àgọ́, ẹ óò se oúnjẹ. Bí ẹ bá jẹun tán ńkọ́? Ní ibòmíràn nínú igbó, fóònù kì í ṣiṣẹ́. Ọmọ yóò máa wo òbí, òbí yóò máa wo ọmọ. Bí ìyá àgbà bá sì ti ilé wá kí yín, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan, tí Yorùbá ọmọ náà kò sì kọjá "ẹ káàárọ̀, mà", kí ni àwọn méjèèjì óò jọ ṣe láti ọ̀sán di alẹ́?

Eré méjì ni mo fẹ́ mú wá fún yín. Òmíràn wà, bí èyí tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù méjì so mọ́ okùn, tí wọ́n ń jù ú kí ó lọ́ mọ́ àkàsọ̀. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Bọ́ọ̀lù líle tó ń fò lókè kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ rí níbi tí ọmọ kékeré ń sáré kiri.

Eré kìn-ín-ní ni wọ́n ń pè ní cornhole. Àpò kékeré tí a rọ àgbàdo sí ni wọ́n ń jù sí orí pákó tó dagun, tó ní ihò lápá òkè. Ó pẹ́ tí irú rẹ̀ ti wà. Ní ọdún 1883 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Heyliger de Windt gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí eré kan tó jọ ọ́, àfi pé ihò tirẹ̀ ní igun mẹ́rin. Àwọn ará agbègbè Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio, kì í fi í ṣeré rárá.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ra pákó pẹlẹbẹ, èyí tí káfíńtà ń pè ní pláíwúùdù. Pákó méjì ni a ó gé. Ìwọ̀n tí àwọn tó ń figagbága ń lò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ń lọ pàgọ́ gé e ní ẹsẹ̀ bàtà 3, nítorí pé àgọ́, ìkòkò àti ìbùsùn náà ń wá àyè nínú búùtù ọkọ̀. Fẹ̀ẹ̀rẹ̀ ihò jẹ́ íǹṣì 6. Kí àárín ihò náà jìnnà sí etí òkè pákó ní íǹṣì 9, kí ó sì jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì ní íǹṣì 12. Apá ẹ̀yìn yóò ga ní íǹṣì 12, apá iwájú yóò ga ní bí íǹṣì 3 tàbí 4. Ẹ fi bóòtù de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ má kàn án ní ìṣó. Bóòtù ni yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà lè ká wọ abẹ́ pákó nígbà tí ẹ bá ń lọ. Ẹ fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kùn ún ní ọ̀dà. Èyí tí a kò ha yóò máa fa àpò ya.

Jẹ́ kí ọmọ di rúlà mú. Jẹ́ kí ó fi pẹ́ńsù fa ìlà, kí ó ka iye náà sókè. Ẹni tó ń kọ́ ìwé kíkà lágbà nínú wa, èyí kàn án pẹ̀lú: kò sí ìwé tó dára fún kíkà tó èyí tí a óò fi gé pákó, nítorí pé bí a bá ṣì í kà, pákó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ibi àpò gan-an ni ẹjọ́ máa ń wà. Mẹ́jọ ni wọ́n, mẹ́rin ní àwọ̀ kan, mẹ́rin ní àwọ̀ mìíràn. Ẹ fi aṣọ kíki rán an. Ẹ gé aṣọ náà ní íǹṣì 7 níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì rán an kúrò létí ní ààbọ̀ íǹṣì yípo, kí ó lè di íǹṣì 6 bó bá parí. Ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì. Àgbàdo gbígbẹ tó wọn pọ́n-ùn kan, ìyẹn áúnsì 16, ni kí ẹ rọ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí àpò pupa bá wúwo ju ti búlúù lọ, ẹni tí wọ́n bá fi ṣẹ́gun yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, kò sì ní dákẹ́ títí ẹ óò fi délé.

Àgbàdo ní àléébù kan, ẹ fetí sí mi. Ìrì inú igbó pọ̀. Bí ó bá tutù, yóò bu, yóò tilẹ̀ lè hù. Bí ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀ síta lálẹ́, oúnjẹ ni lójú eku àti ẹranko igbó. Wọn kò mọ̀ pé eré ni. Níbi tí béárì wà, ohunkóhun tó bá jọ oúnjẹ kò gbọdọ̀ sùn síta. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lo hóró ike dípò àgbàdo lóde òní. Ó wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó ṣeé fọ̀.

Láti etí iwájú pákó kan dé ti èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 27 ni àwọn àgbà ń lò. Ẹ fà á súnmọ́ra fún ọmọdé. Àpò tó bá dúró lórí pákó gba 1, èyí tó bá bọ́ sínú ihò gba 3. Ká ní nínú ìjù kan, Táyé ní 5, Kẹ́hìndé ní 3. A óò yọ 3 kúrò nínú 5. Táyé ni yóò gba 2, Kẹ́hìndé kò ní gba ohunkóhun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 21 ló jẹ.

Eré kejì ni ó wà lọ́kàn mi jù. Mölkky ni orúkọ rẹ̀. Láti ìlú Lahti ní ilẹ̀ Finland ni ó ti wá. Ọdún 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á níbẹ̀. Òpó igi kéékèèké 12 ni, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan tó íǹṣì 6, a sì gé orí rẹ̀ dagun kí a lè kọ nọ́ńbà sí i, láti 1 dé 12. Igi mìíràn tó gùn tó íǹṣì 9 ni kóńdó tí a ó máa jù. Àpò kan ṣoṣo gba gbogbo rẹ̀.

Ẹ ra igi gbígbẹ ní sọ́ọ̀bù. Ẹ má gé ẹ̀ka igi tútù nínú ọgbà yín kí ẹ gbé e lọ sí ibi ìpàgọ́. Kòkòrò kan wà tó ń gbé abẹ́ èèpo igi ash. Ní Michigan ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2002, ó sì ti pa igi lọ́pọ̀ mílíọ̀nù láti ìgbà náà. Igi ìdáná tí àwọn èèyàn ń kó láti ìlú dé ìlú wà lára ohun tó gbé e kiri. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ibi ìpàgọ́ kò fi ń gbà kí àlejò gbé igi wọlé.

Ẹ to àwọn òpó náà pọ̀ lórí koríko. Ìlà iwájú: 1, 2. Èyí tó tẹ̀ lé e: 3, 10, 4. Lẹ́yìn rẹ̀: 5, 11, 12, 6. Ìlà ìkẹyìn: 7, 9, 8. Ẹ dúró ní bí ẹsẹ̀ bàtà 12, kí ẹ ju kóńdó náà láti ìsàlẹ̀ ọwọ́. Bí òpó kan ṣoṣo bá ṣubú, nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ ni ẹ gbà. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, iye òpó tó ṣubú ni ẹ gbà. Níbi tí òpó bá ṣubú sí ni a óò ti gbé e dìde, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fọ́nká bí eré ti ń lọ. Ẹni tó bá ta ìta léraléra lẹ́ẹ̀mẹta ti jáde. Ẹni tó bá dé 50 gẹ́lẹ́ ló jẹ. Bí ó bá kọjá 50, ó di 25.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí ọmọ bá ní 47, tí ẹ bá kà á fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, ogójì àti méje ló gbọ́. Ó kù kí ó ronú ohun tó ṣẹ́kù. Kí ni Yorùbá ń pè é? Ẹ̀tàdínláàádọ́ta. Ẹ tú u wò: ẹ̀ta ló dín kí ó pé àádọ́ta. Iye náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ pé òpó 3 ni kí ó fojú sí! Bí ó bá jẹ́ 48, èjìdínláàádọ́ta, òpó 2 ni. Bí ó bá jẹ́ 45, àrúndínláàádọ́ta, òpó 5 ni. Ṣùgbọ́n 44, ẹ̀rìnlélógójì, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ ni yóò fi orí ara rẹ̀ ṣírò pé mẹ́fà ló kù.

Mo ti rí ìyá àgbà kan tí orúnkún kò jẹ́ kí ó dìde jù. Wọ́n gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, òun ni wọ́n fi ṣe akàwé. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni ka iye ní Gẹ̀ẹ́sì. "Èló lo ní?" ni yóò máa bi wọ́n. Ọmọ tí kò bá lè pe iye tirẹ̀ ní Yorùbá kò gbọdọ̀ jù. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ariwo ni. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ń sáré lọ bá a kí ó tó jù, ó ń béèrè pé, "Màmá, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, èló ló dín?"

Mo kó tèmi wá lónìí. Àwọn òpó náà wà nínú àpò dúdú tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, koríko sì wà lẹ́yìn ilé yìí. Ẹ pe àwọn ọmọ wá láti yàrá kejì. Ta ni yóò ṣe akàwé?