Wáyà Inú Háńdù Alùpùpù

Ọ̀rọ̀ háńdù alùpùpù ni mo gbé wá, pàápàá èyí tí a ń ki wáyà sínú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè mọ́.

Oníbàárà á ní kí á yára. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tú wáyà nẹ́gétíìfù kúrò lórí bátìrì. Bí ẹ bá fẹ́ lu ihò, ẹ má lù ú nítòsí ibi tí nọ́ọ̀tì ti di háńdù mú. Ibẹ̀ ni ìnira pọ̀ sí, ibẹ̀ ni yóò ti kán. Etí ihò a máa mú bí abẹ. Ẹ fi fáìlì ha á kí ó dán, kí ẹ sì fi rọ́bà bò ó. Bí kò bá sí rọ́bà, wáyà á máa ha ara irin títí yóò fi bó. Nígbà náà ni fíúsì á jó, tí iná iwájú á kú lóru, lójú títì, pẹ̀lú baba ọlọ́mọ lórí ìjókòó.

Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ki kọjá, kí ẹ fi fa wáyà. Àwọn kan ń so wáyà pọ̀ nínú háńdù, wọ́n á fi ọ̀rá wé e. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá! Ta ni yóò rí i nígbà tó bá já?

Bí háńdù tuntun bá ga ju ti àtijọ́, kébù àti rọ́bà búréèkì lè má tó mọ́. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yí háńdù dé òpin lósì àti lọ́tùn-ún. Bí ìró rẹ̀ bá ròkè fúnra rẹ̀, kébù tí ń fún un lépo ti le jù. Ẹ má tíì gbé e fún oníbàárà.