Ọmọ Tó Wà Láàárín Ilé Méjì: Owó Oúnjẹ Rẹ̀ àti Káàdì Ìlera Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé, Awoyaya)

Òjò ti ń ṣú, a ò ní fi yín pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kan púpọ̀ nínú wa, bí kálukú ò tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ síta. Ìyá wà ní Awoyaya níbí, bàbá ọmọ wà ní Agége, wọn ò fẹ́ra mọ́. Ọmọ ń sùn lọ́dọ̀ ìyá. Tí wọ́n bá gba họlidé, ó di ọ̀dọ̀ bàbá. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ ta ló ń gbọ́ bùkátà?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Èkó náà ṣe tirẹ̀ ní 2007, sọ pé àwọn òbí ló gbọ́dọ̀ gbọ́ bùkátà ọmọ, bí agbára wọn bá ṣe mọ. Àwọn òbí ni wọ́n wí o. Ìyá tó ń tajà tó ń rówó ò lè káwọ́ gbera kó ní ti bàbá nìkan ni. Bàbá náà ò lè torí pé òun àti ìyá ọmọ ń jà kó dá owó oúnjẹ dúró. Ọmọ ló ni owó yẹn.

Èyí tó ń dun àwa jù ni ti ìlera. A máa ń jà lórí owó ilé-ìwé, a kì í rántí káàdì ọsibítù. Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 2005 gba òun, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tí ì pé ọdún 18. Mẹ́rin péré. Bó bá ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, tó fi ọmọ ilé tuntun kún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ńkọ́? Ẹ bi í kí àìsàn tó dé.

Bí kò bá sí iṣẹ́ ìjọba, Ìlera Èkó wà, tí òfin 2015 gbé kalẹ̀. Ó gba àwa ọlọ́jà náà. Ní July 2024 ni Gómìnà Sanwó-Olú pàṣẹ pé kí gbogbo ará Èkó ní adójútòfò ìlera. Nítorí náà, kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa san tọmọ.

Ẹ tún wo ọsibítù tí wọ́n yàn. Ọ̀kan nínú wa, bàbá ọmọ rẹ̀ sanwó lóòótọ́, a ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ Agége ló yàn. Ibà dé lóru. Láti ibí dé Agége, pẹ̀lú ọ̀nà Ajah tí ẹ mọ̀! Owó àjọ tó fẹ́ fi ra ọjà ló kó fún dókítà ìtòsí. Ibi tí ọmọ ń gbé jù ni kí ẹ yan ọsibítù sí. Bí wọ́n bá ti yan òmíràn, ẹ ní kí wọ́n bá yín pààrọ̀ rẹ̀.

Bí bàbá ò bá gbà, ẹ má mú ọlọ́pàá lọ bá a. Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé, níbo ni yóò ti rówó san? Ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, tó ti wà láti 1999. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n á pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó. Bó bá di ti kóòtù tí ẹ ò lówó lọ́yà, Office of the Public Defender ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé wà lọ́dọ̀ májísíréètì àti ní kóòtù gíga. Ẹ máa tọ́jú rìsíìtì o, ti oògùn, ti súkúùlù, àti álàátì owó tó bá wọlé. Adájọ́ ò lè fi ẹkún yín ṣírò.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye owó oúnjẹ, ọjọ́ tí yóò máa wọlé, ẹni tó ń san ti ìlera lọ́dọọdún, ọsibítù wo, àti pé bí ọmọ bá ń lọ họlidé, káàdì rẹ̀ ń bá a lọ. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, a ó bá a kọ ọ́. Kó mú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ dání.