Ọkọ̀ Kékeré Tí A Ó So Mọ́ Bọ́ọ̀sì Ẹgbẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka Mínnà)



Ní ìpàdé oṣù tó kọjá ni ẹ yan àwa mẹ́rin pé kí á wá ọkọ̀ kékeré tí owó inú àpótí ẹgbẹ́ ká, èyí tí a ó máa so mọ́ ìdí bọ́ọ̀sì nígbà tí a bá ń lọ sílé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bọ́ọ̀sì a máa gbé wa dé ìlú, ṣùgbọ́n kò lè wọ àdúgbò tóóró. Ní ọdún tó kọjá, ẹsẹ̀ ni àwọn àgbà wa fi rìn lọ kí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ìyá wa kan sì ṣubú lẹ́nu gọ́tà.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n náà ti wá. Lọ́hùn-ún, ẹlòmíràn tó ti fẹ̀yìn tì a máa ra ọkọ̀ ńlá tí ibùsùn àti ilé ìdáná wà nínú rẹ̀, a so ọkọ̀ kékeré mọ́ ìdí rẹ̀, a sì máa fi kékeré náà lọ sọ́jà bí ńlá bá ti dúró. Àwòrán rẹ̀ wu gbogbo wa. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣàdédé so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó ṣe é fà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀. Honda CR-V ti 2014 gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ ọtọmátíìkì. Ti 2015, tí wọ́n pa jíà rẹ̀ dà, kò gbà á mọ́. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni wọ́n fi ń mọ̀. Tòkunbọ̀ tiwa ńkọ́, ìwé wo ni ó ń bá a wá?

Inú jíà ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọtọmátíìkì, ẹ́ńjìnnì ni ó ń ti òróró kiri inú jíà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì ń yí nílẹ̀, irin á máa ha irin láìsí òróró, títí yóò fi jó. Máńúà sàn jù, bí a bá fi jíà rẹ̀ sí fíríì.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ kan níhìn-ín. Ní 2019, ọkọ̀ ẹgbẹ́ kọṣẹ́ lẹ́yìn Mọ́kwà. Ọtọmátíìkì ni. Àwa ìgbìmọ̀ ni a ní kí dẹ́rẹ́bà fi okùn so ó mọ́ bọ́ọ̀sì títí dé Jẹ́bbà. Ó ní òun kò fẹ́. A ní kí ó máa fà á lọ. Ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́ kò gba owó púpọ̀. Jíà tó jó lójú ọ̀nà ni apá kò ká, a sì ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Dẹ́rẹ́bà ni ìpàdé dá lẹ́bi, a sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Méjì nínú àwa tí ń sọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀, a kò sì lanu.

Ní ti rírà, Nissan Micra máńúà ni a fọwọ́ sí, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe takisí ní Ìbàdàn. Àwọn kan ń fẹ́ Peugeot 504, nítorí pé Kàdúná ni wọ́n ti ń to ó tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti 1975, mẹkáníìkì ìhín sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wúwo jù. Bíréékì bọ́ọ̀sì ni yóò dá ọkọ̀ méjèèjì dúró, a kò sì gbàgbé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni òfin wọn ní kí ọkọ̀ tí a ń fà ní bíréékì tirẹ̀ bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju iye kan lọ. Ọ̀pá irin ni a ó fi so ó, kì í ṣe okùn; iná ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tàn, kọ́kọ́rọ́ sì gbọ́dọ̀ ṣí sítíárìn kí ó má baà há. Inú àpótí kan náà ni owó gbogbo èyí yóò ti jáde. Bí kò bá ká a, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa wa Micra náà tẹ̀lé bọ́ọ̀sì.

Dẹ́rẹ́bà wa àtijọ́ ṣì wà ní Mínnà níhìn-ín. A bẹ ìpàdé pé kí á tó san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ kankan, kí ẹ jẹ́ kí á lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀. Bó bá gbà, kí ó bá wa lọ wo ọkọ̀ náà.