Òkúta Ìpìlẹ̀ Ilẹ̀ Wa, àti Bí Ó Ṣe Dé Ibi Tí Ó Wà

Bí a bá fẹ́ sọ ti ohun tí kì í yí padà, òkúta ni a máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni pé òkúta pàápàá ti yí padà, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan; àti pé nípa ìyípadà náà ni a fi rí ilẹ̀ gbígbẹ tẹ̀.

Èèpo oríṣi méjì ni ó bo ayé. Èyí tí ó wà lábẹ́ òkun dúdú, ó sì wúwo. Nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 7 lọ. Èyí tí ó gbé ilẹ̀ gbígbẹ ró fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì nípọn tó nǹkan bí kìlómítà 40. Nítorí èyí ni ó fi yọ sókè, bí ọkọ̀ ti í léfòó lórí ọ̀sà. Bí kò bá sí i, omi ni ìbá bo gbogbo ayé. Ìtàn Ifẹ̀ pẹ̀lú wí pé omi ni ó kọ́kọ́ wà, kí a tó da yẹ̀pẹ̀ sórí rẹ̀. Èmi kò wí pé ọ̀kan náà ni ìtàn àti ìmọ̀ òkúta; ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì dojú kọ: níbo ni ilẹ̀ gbígbẹ ti wá?

Ẹ wo àwọn ìyá wa níbi tí wọ́n gbé ń ṣe epo pupa. Bí wọ́n bá ti gún ẹyìn tí wọ́n sì bu omi sí i, epo a léfòó, pàǹtí a rì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nínú ayé. Òkúta kì í yọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Apá tí ó tètè yọ́ a fúyẹ́, a sì gòkè. Èyí tí ó wúwo a ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Ìyọ́ kan kò sì tó. Ìyọ́ àkọ́kọ́ a máa bí òkúta dúdú, irú ti abẹ́ òkun. Ìgbà tí irú èyí bá tún yọ́ lápá kan ni òkúta funfun, irú gíráníìtì, tó jáde. Omi ni ó sì ń mú iṣẹ́ náà yá. Níbi tí ilẹ̀ òkun àtijọ́ bá gbé tẹ̀ wọ abẹ́ ilẹ̀ mìíràn, ó gbé omi lọ nínú òkúta rẹ̀. Ooru a lé omi náà jáde, òkúta tí omi bá sì wọ̀ kì í pẹ́ yọ́ bí èyí tí ó gbẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkúta ni ó yọ́. Amọ̀ tí a fi mọ ìkòkò kì í yọ́ nínú iná. Síbẹ̀, bí ó bá ti jinná, kò tún lè di amọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yanrìn àtijọ́ tí ó rì sínú ilẹ̀ di òkúta funfun líle, tí ẹrẹ̀ sì di òkúta pẹlẹbẹ tí ń dán. Èyí tí ooru àti ẹrù bá lára jùlọ a yọ ilà, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, bí aṣọ òfì. Òun ni a ń pè ní náìsì. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn, àwọn kan nínú wọn sì tó nǹkan bí 2,000 mílíọ̀nù ọdún.

Lẹ́yìn èyí, ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun kan tí ó wà lápá ìwọ̀-oòrùn wa pa dé, ilẹ̀ méjì sì kọlu ara wọn ní agbègbè tí Tógò àti Benin wà lónìí. Ìpìlẹ̀ wa tún wọ inú iná. Gíráníìtì yíyọ́ rú sínú òkúta àtijọ́, ó sì dì síbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ jíjìn. Ọ̀kan nínú irú wọn ni òkè Ìdànrè. Òjò àti odò ni ó fọ ohun tí ó bò ó mọ́lẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó dúró lórí òkè Ìdànrè dúró lórí ohun tí ó ti jẹ́ ikùn ayé rí. Irú òkúta kan náà wà ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Bràsíl, nítorí ilẹ̀ kan ni wá pẹ̀lú wọn, títí di nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn tí òkun là wá láàárín. Ìbátan òkúta ti wà kí ìbátan ènìyàn tó wà.

Ta ni ó ka ọdún wọ̀nyí? Hóró kékeré kan tí à ń pè ní sákọ́nì ni. Ó ní yuréníọ́ọ̀mù nínú, èyí tí ń di òjé díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀. Ẹni tí ó bá wọn méjèèjì a mọ ọjọ́ orí hóró náà. Ní Jack Hills, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, a rí èyí tí ó tó 4,400 mílíọ̀nù ọdún.

Ẹ̀yin Ìjòyè, ọ̀rọ̀ mi kù sí ọ̀dọ̀ yín. Igi tí a gé a máa sọ. Òkúta tí a fọ́ kò ní èèhù. Èmi kò wí pé kí a má fọ́ òkúta, nítorí ọ̀nà àti ilé ń fẹ́ ẹ. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, kí a tó fi òkè kan lé àwọn tí ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta lọ́wọ́, kí a pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà láti kà á, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀; kí a sì dá ojú ibi tí ó dára jùlọ sí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Àwọn ọba wa àtijọ́ kò fi ìwé sílẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí, ìwé ni, a kò sì tíì kà á ju ojú ewé díẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fa ìyókù ya.