Ta Ló Ni Píǹkì, Ta Ló Ni Búlúù?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn aláṣọ ọmọdé sọ ní ìpàdé

Ìyálọ́jà ní ká bá yín sọ̀rọ̀ lórí aṣọ ọmọdé, nítorí ẹjọ́ tó ń ti ìlà àwọn aláṣọ ìkókó dé iwájú ìgbìmọ̀ ti ń pọ̀ jù. Oníbàárà á ra aṣọ lónìí, á dá a padà lọ́la. Aṣọ kò ya, kò kéré, àwọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́. "Ọmọkùnrin la bí, bàbá rẹ̀ ní òun kò fẹ́ rí píǹkì nínú ilé òun." Ẹni tó tà á kò fẹ́ dá owó padà, ni ariwo bá ta.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa, níbo la ti rí òfin yìí ná? Àwọn ìyá tó bí wa kò mọ̀ ọ́n. Àdìrẹ tí wọ́n ń pa láró l'Ábẹ́òkúta, l'Óṣogbo àti n'Íbàdàn, àwọ̀ wo ni? Búlúù ni, aró ẹlú. Ta ló ń rẹ ẹ́? Obìnrin. Ta ló ń fi í ró ìró? Obìnrin náà ni. Ẹni tó bá ní búlúù ti ọkùnrin ni, kó lọ sọ ọ́ létí ìkòkò aró, ká wo ohun tí àwọn ìyá alaró máa fi dá a lóhùn. Àlàárì ńkọ́, aṣọ òkè tó pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn? Olóyè á fi dá agbádá, ìyàwó rẹ̀ á ró o, kò sẹ́ni tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá bí ìbejì, tí ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin, tí èkejì jẹ́ obìnrin, aṣọ kan náà là ń rà fún wọn. Títí dòní, bí a bá ń ṣe ìnáwó, àwọ̀ kan náà ni tọkùnrin tobìnrin ń mú. Bàbá tó ní òun kò gba píǹkì sára ọmọ òun yẹn, ẹ lọ wò ó níbi ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó rẹ̀. Bó bá jẹ́ fìlà píǹkì ni wọ́n mú, ó ti dé e, ó ti gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ ó ní Òyìnbó ló mú un wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn náà kò bá a láyé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó kàwé ló bá wa ka ìwé tí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Jo B. Paoletti, kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tó jáde ní 2012. Ó yà wá lẹ́nu. Láyé àtijọ́ lọ́hùn-ún, gáùn funfun ni wọ́n ń wọ̀ fún ọmọ, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, torí bí ọmọ bá ṣe é báṣubàṣu, wọ́n á sè é nínú omi gbígbóná, á mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọ nápúkìn rí, kò yẹ ká ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Franklin Roosevelt tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1933, fọ́tò rẹ̀ kan wà tí wọ́n yà ní 1884, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì àti ààbọ̀. Gáùn funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀, irun rẹ̀ sì gùn dé èjìká. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dìbò yan ọmọ yẹn!

Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹnu wọn kò kò. Ní oṣù kẹfà 1918, ìwé tí àwọn aláṣọ ọmọdé ibẹ̀ ń kà, Earnshaw's Infants' Department, kọ ọ́ pé píǹkì ni ká wọ̀ fún ọkùnrin nítorí ó le, ó lágbára. Pé búlúù ni ká wọ̀ fún obìnrin nítorí ó tutù, ó ṣe jẹ́jẹ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, píǹkì fún ọkùnrin! Ní 1927, ìwé ìròyìn Time bi àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ìlú wọn. Filene's ní Boston àti Marshall Field ní Chicago ní píǹkì ti ọkùnrin ni, àwọn mìíràn ní rárá o, ti obìnrin ni. Ó tó nǹkan bí 1940 sókè kó tó dúró síbi tó dúró sí lónìí. Láti nǹkan bí 1980, tí sikáànù ti ń jẹ́ kí ìyá mọ ohun tó wà nínú oyún kó tó bí, ọjà wá pín sí méjì pátápátá, látorí ìbọ̀sẹ̀ dórí bẹ́ẹ̀dì.

Ta ló jèrè rẹ̀? Àwa ọlọ́jà ni. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kò sí àlejò láàárín wa. Bí àkọ́bí bá jẹ́ ọkùnrin tó wọ búlúù, tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ obìnrin, ìyá wọn á tún ra òmíràn, a ó tà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan nínú yín ti ń bi wá pé kí ló burú nínú ìyẹn. Ẹ wo àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wa ná: ìyàwó mẹkáníìkì, ìyàwó awakọ̀, ọmọdébìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tó sì ti lóyún. Bí owó ṣe rí lóde yìí, bó bá ní láti tún aṣọ rà látòkè délẹ̀ nítorí àwọ̀ nìkan, àwìn ló máa rà, ẹ̀yin lẹ ó sì máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ sílé rẹ̀ lálaalẹ́. Bí àbúrò bá gbé aṣọ ẹ̀gbọ́n wọ̀, owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ìyá ló máa fi ra aṣọ ọdún, owó lọ́wọ́, lójú ẹsẹ̀.

Èrè yẹn gan-an, ẹ tún un ṣírò. Ẹ lọ sí Balógun, ẹ kó dọ́sìnnì kan, mẹ́fà píǹkì, mẹ́fà búlúù. Ó wá ṣe, ọkùnrin ni gbogbo àdúgbò bí lóṣù yẹn. Búlúù tán, píǹkì jókòó. Ojú owó yín há síbẹ̀ títí oòrùn fi pa á láwọ̀ dà, tẹ́ ẹ wá tà á ní gbàǹjo. Àwọn tó ń já bélì òkìríkà ló mọ èyí jù, torí ẹni já bélì kò lè yan àwọ̀. Yẹ́lò, gíríìnì, funfun, aṣọ alábùúlẹ̀-àwọ̀ mèremère, àwọn yẹn kò béèrè ohun tí wọ́n bí kí wọ́n tó tà.

Ọ̀ràn tó dùn wá jù kò sì kan owó. Nínú ìlà yìí náà ni ọmọkùnrin kan, kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ti mú fìlà píǹkì, tó dé e sórí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni wa kan pariwo mọ́ ọn pé, "Ṣé obìnrin ni ẹ́ ni?" Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ju fìlà sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ tó wá ra ìbọ̀sẹ̀ iléèwé fà á lọ́wọ́, wọ́n lọ, wọn kò ra nǹkan kan. A ti gbọ́ tí wọ́n tún ń lé ọmọbìnrin kúrò nídìí jẹ́sì búlúù pé kó lọ mú èyí tó ṣe jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ wo? Àwa tá a ń kó ẹrù ní ìdájí, tá à ń bá dírẹ́bà fa owó ọkọ̀, tá à ń fi ìsọ̀ sanwó iléèwé, ta ló kọ́ wa ní jẹ́jẹ́?

A kò ní kẹ́ ẹ má ta píǹkì o. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ ẹ, ẹ tà á fún un, kẹ́ ẹ sì fi ìbọ̀sẹ̀ ṣe èènì. Ohun tí ìgbìmọ̀ bẹ̀ yín ni pé bí oníbàárà bá dé, ẹ má fi "ọkùnrin ni àbí obìnrin" ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Ẹ bi í pé oṣù mélòó ni ọmọ, ṣé ó sanra, kẹ́ ẹ wá tẹ́ aṣọ síwájú rẹ̀ kó fúnra rẹ̀ yàn. Ní ti aṣọ tí wọ́n ń dá padà, bí ọjọ́ mẹ́ta kò bá tíì kọjá, tí ẹnì kan kò tíì wọ̀ ọ́, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ fi òmíràn tó jẹ́ iye kan náà pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má dá owó padà. Bí ó bá di ìjà, ẹ pe olórí ìlà, ẹ yé pariwo lójú àlejò. Ẹni tí píǹkì bá jókòó sí lọ́rùn kó kó o wá sí ìsọ̀ akọ̀wé lọ́jọ́bọ̀, kí ẹni tí búlúù pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ náà wá, ká bá wọn ṣe pàṣípààrọ̀ kí wọ́n tó tún lọ kó ọjà ọdún.